Ẹ Wo Abẹ́ Ewé Kí Ẹ Tó Fín Oògùn

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tí òdòdó iwájú ilé rẹ̀ ń rọ ni pé, "Oògùn wo ni kí n fín sí i?" Ẹni tó ń ta oògùn kì í sábà béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Á nawọ́ sẹ́yìn, á mú ìgò kan sílẹ̀, á gbowó. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí kòkòrò á tún fi bo orí igi, tí wọ́n á pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, onílé á sì máa ráhùn pé ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fóun. Oògùn ọ̀hún lè má ní àléébù kankan. Kòkòrò tí wọ́n torí rẹ̀ rà á ni ẹnikẹ́ni kò tíì fojú kàn.

Lójú tèmi, ìdajì iṣẹ́ yìí á ti parí kí èèyàn tó fọwọ́ kan ike ìfínkòkòrò rárá, ojú la sì fi ń ṣe é. Ẹnu kòkòrò sì ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí bó ṣe ń jẹun ló máa sọ ohun tó lè ṣẹ́gun rẹ̀. Àwọn kan ní ẹnu tí wọ́n fi ń gé ewé jẹ. Tata, ìrẹ̀, ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn àti ọmọ labalábá wà lára wọn. Ihò ni wọ́n ń dá sí ewé, tàbí kí wọ́n jẹ etí rẹ̀ wọnú, ìgbẹ́ wọn á sì wà ní hóró dúdú wínníwínní lórí ewé ìsàlẹ̀. Àwọn kejì kò gé nǹkan kan. Ẹnu wọn rí bí abẹ́rẹ́. Wọ́n á kì í bọ ọ̀mùnú tàbí ẹ̀yìn ewé, wọ́n á sì máa fa omi ara igi mu níbi tí wọ́n jókòó sí. Ẹ kò ní rí ihò kankan. Ewé á kàn ká jọ, á máa pọ́n díẹ̀díẹ̀, ọ̀mùnú á lọ́, òdòdó á sì já bọ́ kó tó là.

Ìyàtọ̀ yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Májèlé tó kàn jókòó sójú ewé á pa ẹni tó bá gé ewé náà jẹ. Èyí tó fi ẹnu bí abẹ́rẹ́ kọjá ojú ewé lọ bá omi inú rẹ̀ kò ní tọ́ májèlé náà wò. Bẹ́ẹ̀, àwọn afàmu yìí ló pọ̀ jù nínú ọgbà òdòdó tiwa, àwọn náà ló sì máa ń pẹ́ jù kí onílé tó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Ẹ wo igi ixora tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilé ká n'Ibadan tàbí l'Ékòó. Nígbà míì, gbogbo ewé rẹ̀ á dúdú, bí ẹni pé wọ́n ku èédú lílọ̀ sí i lórí. Onílé á wo ẹ̀gbẹ́ kejì, á rí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, á ní èéfín rẹ̀ ló ń pa igi òun. Kó tó di ìjà, kó fi àkísà tútù nu ewé kan. Dúdú náà á ṣí kúrò ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ewé tútù á sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Irú nǹkan tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá bu ni, orí ṣúgà ló sì ti ń hù. Ibo wá ni ṣúgà ti dé orí ewé? Omi ara igi tí àwọn afàmu ń mu kún fún ṣúgà, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú ara dàgbà kò pọ̀ nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó rí ìwọ̀nba tó máa tó wọn, wọ́n ní láti mu púpọ̀, wọ́n á sì máa ya ṣúgà tó ṣẹ́kù dànù. Ìyàgbẹ́ olómi yẹn ló ń kán sórí ewé ìsàlẹ̀ tó ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tí nǹkan dúdú fi ń hù lórí rẹ̀. Torí náà, ẹ má wá olè lórí ewé tó dúdú. Ẹ gbójú sókè, ẹ mú ewé tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ kò ju oríṣi mẹ́rin lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Àkọ́kọ́ ni aphid. Kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ, ara rẹ̀ rọ̀, ó lè jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó lè dúdú, ó sì máa ń ṣù mọ́ ọ̀mùnú àti ìdí òdòdó tí kò tíì là. Abo rẹ̀ kò dúró de akọ kó tó bímọ, kì í sì í yé ẹyin lágbègbè olóoru bíi tiwa. Ààyè ọmọ ló ń bí, ọmọ náà sì lè di ìyá láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí rèé tó fi máa ń dà bíi pé òru kan ṣoṣo ni wọ́n fi kún orí igi.

Ìkejì ni mealybug, tó máa ń bo ara rẹ̀ ní ẹfun bí òwú. Oríkèé ẹ̀ka, ibi tí ewé ti so mọ́ igi, àti inú ọ̀mùnú hibiscus ni ibùjókòó rẹ̀. Ẹfun yẹn ni agbádá rẹ̀: omi kì í wọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ oògùn ni kì í sì í kan ara rẹ̀. Ìkẹta ni àwọn onípẹ́. Wọ́n rí róbótó tàbí gígùn, wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka pinpin, wọn kì í sì í rìn tí wọ́n bá ti dàgbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti wo wọ́n títí, tí wọ́n rò pé èèpo igi ni. Ẹ fi èékánná ha ọ̀kan. Tó bá ṣí, tí omi sì jáde lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ni. Ìkẹrin ni eṣinṣin funfun kéékèèké tó máa ń fò rìn tí ẹ bá gbọn igi, tó sì tún máa ń padà sí ẹ̀yìn ewé kan náà. Oríṣi kan nínú rẹ̀ wà tó jẹ́ pé àmì rẹ̀ kò ṣeé ṣì mọ̀: á fi ẹfun fa ìlà róbóróbó sí ẹ̀yìn ewé, ìlà náà á máa yí po bó ṣe ń lọ, ẹyin rẹ̀ á sì wà lójú ìlà náà. Ara gúáfà àti hibiscus ni wọ́n ti máa ń rí i jù. Ilẹ̀ Caribbean àti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ló ti wá, ọdún 1992 ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà.

Bí ẹ kò bá tiẹ̀ láyè láti máa yí ewé wò lójoojúmọ́, ẹ máa wo èèrà. Èèrà tó tò gẹ̀ẹ̀rẹ̀ gun igi òdòdó, tó sì ń tò bọ̀, kò wá òdòdó wá. Ṣúgà tí àwọn afàmu ń yà sílẹ̀ ló ń lọ lá. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé èèrà kò fi oúnjẹ rẹ̀ ṣeré: ó máa ń lé àwọn kòkòrò tó yẹ kó wá pa aphid àti mealybug jẹ, àwọn oríṣi míì sì máa ń gbé wọn láti ẹ̀ka kan lọ sí òmíràn. Igi tí èèrà ń ṣọ́ kì í bọ̀rọ̀ mọ́. Nítorí èyí, ọ̀nà èèrà ni mo máa ń sọ pé kí èèyàn kọ́kọ́ dí. Ẹ gé ẹ̀ka tó bá kan ògiri tàbí tó kan ilẹ̀, kó má ṣẹ́kù ju ìdí igi nìkan lọ tí wọ́n lè gbà gòkè. Kí ẹ wá fi ọ̀rá kan wé ìdí igi náà yíká, kí ẹ sì fi faselíìnì tàbí gíríìsì kun ọ̀rá ọ̀hún. Ẹ má kun ara igi fúnra rẹ̀ o, èèpo rẹ̀ lè jó. Tí eruku bá ti bo ọ̀rá náà, ẹ tún un kùn, torí orí eruku ni èèrà á gbà kọjá.

Lẹ́yìn náà ni omi. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé omi lásán lè ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ aphid tí omi rọ́ọ̀bù bá ti gbá kúrò lórí ọ̀mùnú kì í sábà rí ọ̀nà padà. Ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ lè kán sínú ewé. Ẹ tẹ ẹnu rọ́ọ̀bù kí omi lágbára díẹ̀, kí ẹ da á sí ẹ̀yìn ewé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ní òwúrọ̀, kí ewé lè gbẹ kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ti ọyẹ́ tiẹ̀ tún ṣe pàtàkì jù, torí eruku tó máa ń bo ewé nígbà náà máa ń dí àwọn kòkòrò tó ń ràn wá lọ́wọ́ lọ́wọ́, ó sì máa ń jẹ́ kí àwọn afàmu pọ̀ sí i.

Níbi tí omi kò bá ti tó, ọṣẹ ló kàn. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ àwo, ṣíbí tíì kan sí méjì nínú lítà omi kan, ti tó. Bí ọṣẹ náà bá ṣe kan kòkòrò tí ara rẹ̀ rọ̀ ló máa ń ba awọ rẹ̀ jẹ́, tí omi inú rẹ̀ á sì gbẹ. Ṣùgbọ́n tí ọṣẹ náà bá ti gbẹ sójú ewé, agbára rẹ̀ ti tán nìyẹn. Èyí tí kò bá kàn kò ní kú. Ohun tó fà á nìyí tí fífín an sójú ewé lókè fi jẹ́ asán. Ẹ̀yìn ewé ni kí ẹ fín in sí títí á fi máa kán. Kì í pa ẹyin, torí náà ẹ tún un fín ní ọjọ́ márùn-ún sí méje sí i. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀ka kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ má sì fín in nínú oòrùn ọ̀sán. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ kò dára fún iṣẹ́ yìí. Àwọn èròjà inú rẹ̀ máa ń jó ewé. Kẹrosíìnì ńkọ́? Ó ń pa kòkòrò lóòótọ́, ó sì ń pa igi mọ́ ọn. Ní ti mealybug tí kò tíì ju ìwọ̀nba lọ, òwú tí a rì bọ inú sípíríìtì tí wọ́n ń tà nílé oògùn ló yá jù: ẹ fi nu wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní oríkèé ẹ̀ka. Sípíríìtì máa ń yọ́ ẹfun ara wọn, wọ́n á sì pọ́n lójú ẹsẹ̀. Àwọn onípẹ́ náà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù àti omi ọṣẹ á ṣí wọn kúrò. Ẹ̀ka tó bá ti bò jù, ẹ gé e sọnù.

Ọ̀rọ̀ mealybug yìí ní ìtàn kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ọgbà gbọ́, kódà bó bá jẹ́ pé láti oko ẹ̀gẹ́ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, oríṣi mealybug kan tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá yọ ní agbègbè Kóńgò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í run ẹ̀gẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì. Oògùn fífín kò lè yanjú rẹ̀: oko àwọn àgbẹ̀ fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó kò sì sí. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA n'Ibadan, gbà pé ilẹ̀ tí kòkòrò náà ti wá ló yẹ kí wọ́n ti wá ọ̀tá rẹ̀, torí pé àwọn ará ibẹ̀ kò tiẹ̀ ka kòkòrò náà sí ìyọnu. Ní 1981, wọ́n rí i ní Paraguay, wọ́n sì rí agbọ́n tíńtín kan tó ń fi í ṣe ilé ọmọ. Agbọ́n náà kò gùn tó mìlímítà méjì, kò sì lè ta èèyàn. Á gún mealybug, á yé ẹyin sínú rẹ̀, ọmọ tó bá pa á máa jẹ ẹ́ láti inú títí yóò fi ku èèpo. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa pé kò ní ba nǹkan míì jẹ́, wọ́n tú u sílẹ̀ n'Ibadan lópin ọdún yẹn kan náà. Ó tàn ká ju ogún orílẹ̀-èdè lọ ní Áfíríkà, ẹ̀gẹ́ sì yè. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kojú mealybug míì tó wá láti ilẹ̀ Éṣíà láwọn ọdún 1980, tó bo igi máńgòrò àti àwọn igi ẹlẹ́wà ìlú ní Togo àti Benin. Ọdún 1987 ni wọ́n tú agbọ́n tirẹ̀ sílẹ̀ ní Togo. Mealybug ti ìbẹ́pẹ, tó wọ Gánà ní 2009, tí kò sì pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, ni èyí tó ń da hibiscus láàmú báyìí ní ọ̀pọ̀ ibi.

Kí ni èyí kan ẹni tó ní ìkòkò òdòdó mẹ́fà lórí báráńdà? Ó kàn án gan-an. Àwọn agbọ́n tíńtín bẹ́ẹ̀ wà nínú ọgbà rẹ̀ báyìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tú wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo àárín àwọn aphid tó ṣù jọ. Ẹ máa rí èyí tó wú, tó le, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti di àwọ̀ ilẹ̀, tí kò sì mira. Ẹ tún wò ó dáadáa: ihò róbótó kan wà lẹ́yìn rẹ̀, tó gún régé bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi lu ú. Ibẹ̀ ni agbọ́n gbà jáde. Tí ẹ bá ti ka irú rẹ̀ tó bíi mélòó kan lórí ẹ̀ka kan, ẹ gbé ike ìfínkòkòrò sílẹ̀. Iṣẹ́ ti ń lọ. Kòkòrò róbótó pupa tó ní àmì dúdú lẹ́yìn náà wà nínú àwọn olùrànlọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ sì tún jẹun ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ọmọ ọ̀hún burẹ́wà: ó gùn, ó dúdú, ara rẹ̀ sì rí gbágungbàgun, àìmọye rẹ̀ sì ni àwọn onílé ti fọwọ́ ara wọn pa, tí wọ́n rò pé òun ni ọ̀daràn. Oògùn líle tí a bá fín máa ń pa àwọn wọ̀nyí ṣáájú. Mealybug tó wà lábẹ́ ẹfun á yè, aphid tó bá ṣẹ́kù á bí ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sì ní sí ẹni tí yóò dá wọn dúró mọ́. Ìdí tí kòkòrò fi máa ń pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn oògùn nìyẹn.

Àwọn ajewé rọrùn láti mọ̀ ju àwọn afàmu lọ, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣeé fọwọ́ mú. Tata tó ń yọ wá lẹ́nu jù ni èyí tí ọmọ rẹ̀ dúdú, tó ní àmì ìyeyè lára, tí wọ́n máa ń kó ara wọn jọ sórí igi kan ṣoṣo títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nǹkan bí oṣù kẹwàá sí ìkejìlá ni wọ́n ń pa, wọ́n á sì ti dàgbà bó bá fi máa di oṣù kẹta. Ìgbà náà ni ìyá wọn máa ń yé ẹyin sínú ilẹ̀, lábẹ́ ìbòòji, níbi tí ilẹ̀ ti tutù díẹ̀. Wọ́n sì máa ń kóra jọ síbi kan náà láti yé e. Àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà láwọn ọdún 1970 rí i pé tí èèyàn bá ti sàmì sí ibi tí wọ́n ń yé sí, tó sì fi ọkọ́ hú u kí oòrùn lè pa ẹyin náà, iye tó máa pa lọ́dún tó ń bọ̀ á dín kù gidigidi. Láàárín ọgbà, mímú wọn ní kùtùkùtù ló dára jù, nígbà tí òtútù kò tíì jẹ́ kí wọ́n lè fò sókè. Ewé Akíntọ́lá tó bá wà lẹ́yìn ọgbà yín náà, ẹ má jẹ́ kó tanná. Òdòdó rẹ̀ máa ń fa tata yìí láti ọ̀nà jíjìn.

Ọmọ labalábá àti ọmọ àfòpiná máa ń pọ̀ nígbà òjò. Èyí tó máa ń wọ inú lílì burú jù: ó dúdú, ó sì ní àmì funfun tàbí ìyeyè yí ara rẹ̀ ká. Inú ewé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á jẹ inú rẹ̀ ku awọ, á sì gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú àlùbọ́sà rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Tí ewé lílì bá ti rọ, tí ẹ sì rí ìgbẹ́ dúdú nínú rẹ̀, ẹ gé ewé náà kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì lálẹ́, ẹ ṣa ìyókù sínú omi ọṣẹ. Alẹ́ yẹn náà ni ẹ máa rí àwọn ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń jẹ ewé róòsì di àjákù, tí wọn kì í sì í sí níbẹ̀ lójú ọ̀sán. Iná gílóòbù tó wà nítòsí ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé wá. Ẹ pa á.

Àmì kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe nǹkan kan sí. Tí ẹ bá rí etí ewé bougainvillea tàbí róòsì tí wọ́n gé ní ìlàjì òbìrípo, tó mọ́ tónítóní, oyin kan tó ń dá gbé ló gé e. Kò jẹ ewé náà. Ó gbé e lọ sínú ihò ògiri tàbí inú ọparun láti fi di ẹyin rẹ̀. Igi kò ní kú torí rẹ̀, òdòdó yín sì nílò oyin náà.

Ẹni tó bá gbin ilá tàbí ìsápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ hibiscus, kó mọ̀ pé ẹbí kan náà ni wọ́n, wọ́n sì jọ ń pín kòkòrò. Àwọn kéékèèké tó máa ń fò bí ẹ bá sún mọ́ wọn, tí wọ́n á lu ewé ilá ní ihò wínníwínní, kò ní pẹ́ kọjá sí òdòdó. Ẹ gbìn wọ́n jìnnà síra.

Kì í ṣe gbogbo ewé tó pọ́n ni kòkòrò ń jẹ. Ixora tó wà lẹ́bàá ògiri sìmẹ́ǹtì, tí àárín ewé rẹ̀ pọ́n ṣùgbọ́n tí iṣan rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ebi irin ló ń pa á. Ẹfun inú sìmẹ́ǹtì ló yí ilẹ̀ ibẹ̀ padà. Eérú tí àwọn kan máa ń da sí ìdí igi láti lé kòkòrò tún máa ń mú kó burú sí i. Bákan náà, ewé róòsì tó bá ń ní àmì wínníwínní funfun lójú, tí òwú tíntín sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹbí aláǹtakùn ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ní, ojú lásán kò lè tètè rí wọn. Ẹ gbọn ewé náà sórí pépà funfun. Tí eruku tó bọ́ sílẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àwọn ni. Omi ni ẹ̀rọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ oògùn kòkòrò kì í pa wọ́n, ó kàn máa ń pa àwọn tó ń jẹ wọ́n ni.

Bí gbogbo èyí kò bá tó, dóńgóyárò wà. Ẹ pa èso rẹ̀ tó ti gbẹ, kí ẹ mú kóró inú rẹ̀, kí ẹ gún un. Àádọ́ta gíráàmù rẹ̀ sínú lítà omi kan, kó sùn mọ́jú, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fín in ní ìrọ̀lẹ́, torí oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Ó ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ ni, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lè bọ́ awọ kó dàgbà. Ẹni tó bá rí i pé wọ́n ṣì ń rìn lórí ewé lọ́jọ́ kejì, kó ṣe sùúrù fún ọjọ́ mélòó kan sí i.

Ìgò oògùn kòkòrò dichlorvos kékeré tó wà lábẹ́ ibùsùn ní ọ̀pọ̀ ilé kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe lórí òdòdó. Àjọ NAFDAC ti fòfin de títà irú ìgò kékeré bẹ́ẹ̀ láti 2019. Májèlé tó ń ba iṣan ara èèyàn jẹ́ ni. Èéfín rẹ̀ máa ń wọlé láti ojú fèrèsé, ọmọ tó bá fọwọ́ kan ewé náà á sì fi ọwọ́ yẹn sẹ́nu. Torí hibiscus méjì kọ́.

Ajílẹ̀ òyìnbó pẹ̀lú, ìwọ̀n ni. Yùríà tó pọ̀ jù máa ń mú ọ̀mùnú yọ tìrìgbọ̀n, ọ̀mùnú tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni aphid fẹ́ràn jù lọ.

Ibi tí ìyọnu náà ti ń wọlé ló kù. Ìgbà tí ẹ bá ra igi tuntun lẹ́bàá títì ni púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò yìí máa ń tẹ̀ lé yín délé. Kí ẹ tó san owó, ẹ yí ewé padà, ẹ wo oríkèé, ẹ gbé ìkòkò sókè kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ fi sí ibì kan fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dé àárín àwọn yòókù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti London tàbí Houston bọ̀ wá sílé fún ọdún, tí ẹ ti wé ẹ̀ka òdòdó ẹlẹ́wà kan sínú aṣọ nínú àpótí: ọ̀nà ìrìnnà láti ilẹ̀ kan sí òmíràn ni mealybug ẹ̀gẹ́, ti máńgòrò àti ti ìbẹ́pẹ gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àjọ NAQS wà ní pápákọ̀ òfurufú láti yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò. Ẹ fi hàn wọ́n, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó ti ń tanná.